Ilé Ọtí Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Los Boliches

Láti pápákọ̀ òfurufú Málaga, ọkọ̀ ojú irin C1 ló ń gbé èèyàn lọ sí Fuengirola, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Sípéènì. Ìrìn náà kò tó wákàtí kan. Òkè wà lọ́wọ́ ọ̀tún, òkun wà lọ́wọ́ òsì, a sì ń kọjá Torremolinos àti Benalmádena títí mo fi bọ́ sílẹ̀ ní Los Boliches, àdúgbò kan ní Fuengirola, níbi tí ibùdókọ̀ kan ṣoṣo ti kù kí ọkọ̀ dé òpin. Ọ̀rẹ́ mi àgbà kan tá a jọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù ló ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, ará Yorkshire, ó sì ti fẹ̀yìn tì síbẹ̀. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé tí mo bá dé, kí n má wulẹ̀ lọ sílé òun, ilé ọtí ni kí n ti wá òun.

Ìlú apẹja ni Fuengirola kí àwọn arìnrìnàjò afẹ́ tó rọ́ dé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1810, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí etíkun yìí lábẹ́ Lord Blayney, wọ́n fẹ́ gba ilé olódi Sohail tó wà lórí òkè lẹ́nu odò. Àwọn ọmọ ogun Poland tó ń jà fún Napoleon ló wà nínú rẹ̀. Wọn kò pọ̀, síbẹ̀ wọ́n lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà, wọ́n sì mú Blayney fúnra rẹ̀ nígbèkùn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ lónìí kò bá ogun wá. Oòrùn ló pè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Finland, tí wọ́n pọ̀ nílùú yìí débi pé wọ́n ní iléèwé tiwọn.

Ilé ọtí náà kò tóbi. Káńtà igi kan, tẹlifíṣọ̀n fún bọ́ọ̀lù, pátákó tí wọ́n ń sọ ọfà kéékèèké sí, tábìlì mélòó kan níta fún àwọn tó ń mu sìgá, nítorí òfin Sípéènì ti lé sìgá jáde nínú ilé ọtí láti ọdún 2011. Ife bíà tiwọn gba mílílítà 568, páìǹtì gidi, gẹ́gẹ́ bíi ti Ìlú Ọba. Nílé ọtí àwọn ará Sípéènì tó wà ní òdìkejì títì, ife kékeré ni, bóyá mílílítà 200, kí bíà má bàa gbóná kí ẹni tó ń mu ún tó mu ún tán. Mo rò pé ọgbọ́n wà nínú tiwọn. Èmi kì í mutí ní tèmi. Tíì ni mo bèèrè, wọ́n sì gbé e wá bí wọ́n ṣe ń gbé e ní Leeds: ó dúdú kirikiri, mílíìkì tútù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Tọkọtaya kan láti Rotherham ló ni ibẹ̀. Ọkọ ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin, ìyàwó ti se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé. Wọ́n ta ilé wọn, wọ́n sì fi owó rẹ̀ san ohun tí wọ́n ń pè ní traspaso níbẹ̀. Owó tí ẹni tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù ń san fún ẹni tó ń kúrò ni, kó lè jogún àga, fìríìjì àti àwọn oníbàárà. Owó ilé oṣooṣù ti onílé gan-an ṣì wà lẹ́yìn ìyẹn. Ìjọba pẹ̀lú ń gba owó lóṣooṣù lọ́wọ́ ẹni tó bá ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, ọjà ìbáà tà, ìbáà má tà. Ibí ni ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó sí gbèsè, torí wọ́n rò pé ìsinmi ni kéèyàn máa ta ọtí létí òkun. Ìyàwó yìí sọ fún mi pé aago méjì òru lòun ń sùn, tó bá sì di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, òun ti wà nídìí sítóòfù, òun ń dín ẹyin.

Lẹ́yìn káńtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìgò ọtí líle, mo rí pákó kékeré kan tí wọ́n kan ìṣó mọ́. Kọ́kọ́rọ́ rọ̀ mọ́ ìṣó kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi téèpù wé orí wọn: pupa, búlúù, funfun. Mo bi ọ̀rẹ́ mi pé ti kí ni. Ó ní kọ́kọ́rọ́ ilé àwọn oníbàárà ni, àwọn àgbà tó ń dá gbé. Tirẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, obìnrin náà wo àga kan lẹ́bàá fèrèsé, ó wo aago, ó tún wo àga náà. Ó tẹ fóònù, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ onítéèpù pupa, ó nà án sí ọmọkùnrin ará Sípéènì tó ń bá wọn gbé àwo, ọmọ náà sì jáde láìbéèrè ohunkóhun. Ọ̀rẹ́ mi ti dìde. Èmi náà tẹ̀ lé e, torí nọ́ọ̀sì kì í jókòó síbi irú rẹ̀.

A bá bàbá tó ni àga náà nílẹ̀ balùwẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ là, ètè rẹ̀ gbẹ, ara rẹ̀ tutù bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń ràn níta. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti kúrú ju ọ̀tún lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì yí síta. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbà yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé egungun ìbàdí ló dá. A kò gbé e. A fi ìrọ̀rí ti orí rẹ̀, a da kúbùsù bò ó, ọ̀rẹ́ mi sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Barnsley. Àfẹ̀mọ́jú ló ti ṣubú. Ká ní ó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì ni, kíndìnrín rẹ̀ ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́. Ọkọ obìnrin náà pe 112, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn ní èdè Sípéènì geere, orúkọ títì, àjà ilé, ọjọ́ orí bàbá, oògùn tó ń lò. Iléèwé alẹ́ ló ti kọ́ èdè náà nígbà tó dé. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tí kò gbọ́ ju kí a kí èèyàn lọ, òun ló ń bá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń bú irú àwọn Gẹ̀ẹ́sì báyìí, pé wọ́n lọ sí Sípéènì lọ jẹ ẹ̀wà inú agolo. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àìgbọ́ èdè ìlú tí èèyàn ń gbé kò dára, n kò sì ní gbè wọ́n lẹ́yìn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sílé ọtí yẹn láàárọ̀ yóò rí i pé ọtí kọ́ ni olórí ohun tí wọ́n ń rà níbẹ̀. Lórí káńtà, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ya òdòdó ńlá aláwọ̀ ìyeyè sí. Ti Cudeca ni, àjọ tí Joan Hunt, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, dá sílẹ̀ ní 1992 lẹ́yìn tí àrùn jẹjẹrẹ pa ọkọ rẹ̀. Ilé ìtọ́jú wọn wà ní Benalmádena, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn ti kọjá ìwòsàn láìgba owó lọ́wọ́ wọn, ọmọ Sípéènì ni o, àlejò ni o. Ṣéńjì tó ṣẹ́ kù lára owó bíà ló ń bọ́ sínú àpótí náà.

A máa ń wí pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwọn wọ̀nyí kò ní relé mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sin ọkọ tàbí aya síbẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba Ìlú Ọba ń san fún wọn ń lọ sókè lọ́dọọdún. Ó dùn mí láti rántí pé ẹni tó bá fẹ̀yìn tì lọ sí Nàìjíríà kò ní irú àǹfààní yẹn: lẹ́yìn tó bá ti kó lọ, owó tirẹ̀ dúró lójú kan náà ni, kò ní lé sí i. Kí ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti relé fi èyí kún ìṣirò rẹ̀.

Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń dín kù pẹ̀lú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń gbé Sípéènì kí ọdún 2020 tó parí ṣì ní ẹ̀tọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé lẹ́yìn Brexit láìní físà kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ 90 lọ nínú ọjọ́ 180. Tọkọtaya náà ń wá ẹni tí yóò gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wọn. Obìnrin náà ní ẹni tó bá máa gbà á gbọ́dọ̀ gba pákó kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun kò tà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ wa ní Peckham, ní Woolwich, ní Houston, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Àríyá wa ní Sátidé kò láfiwé. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí wa kún ní ọjọ́ ìsìn. Ta ló wá ń béèrè bàbá tó ń dá gbé lórí àjà kẹjọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Mo ti gba irú wọn sí wọ́ọ̀dù, Yorùbá bíi tèmi, lẹ́yìn tí wọ́n ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹ yọ díẹ̀ nínú owó aṣọ ẹbí, ẹ fi gba yàrá kan tí yóò máa ṣí láràárọ̀, kí tíì àti àkàrà gbígbóná wà níbẹ̀, kí ẹnì kan sì wà tó mọ àga oníkálukú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé yín tó ń bọ̀.