Ẹ Má Tíì Sọ Ọ́ Lórúkọ, Bàbá Mi

Leeds,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Láti ìgbà tí Bọ̀ọ̀dá Kumasi, ọmọ yín tí wọ́n bí sí Gánà, ti wá kí yín ni àwòrán ẹ̀yin méjèèjì ti wà lójú fóònù mi. Iwájú orí yín ló gbé wá sáyé. Bó ṣe ń ká ọwọ́ sẹ́yìn tó bá dúró náà, ẹ̀yin gan-an ni. Gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí ni mo ti fi hàn. Inú mi dùn bí inú yín ṣe dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó ka ìyókù.

Bọ̀ọ̀dá Ìbàdàn ti sọ fún mi pé ẹ ti mú ọjọ́: kánópì láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí máńgòrò, aṣọ ẹbí, ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní ẹ ó fi oyin àti orógbó sọ Bọ̀ọ̀dá Kumasi ní orúkọ bàbá yín lójú gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó sì kéde pé orúkọ tó ń jẹ́ ní Gánà ti parí. Bàbá mi, gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ẹni tó sọ ọmọ yìí lórúkọ ṣì wà láàyè. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń fi Twi ka owó títí dòní mọ àṣà Àṣáńtì ju gbogbo wa lọ: ìdílé ìyá ló ni ọmọ, ṣùgbọ́n bàbá ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Ní 18 November 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. A mọ ìtàn yẹn lórí: bí ẹ ṣe ta ọjà inú ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀pọ̀, bí lọ́rì ṣe gbé yín gba Aflao àti Lomé títí dé Ìdí-Ìrókò, bí ẹ ṣe kọ lẹ́tà padà sí ìyá ọmọ yìí tí ẹ kò rí èsì. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ṣùgbọ́n oyún kò dúró dè yín. Ọmọ dé ní 1970, ọjọ́ kẹjọ pé bó ṣe ń pé lọ́dọ̀ tiwa náà, ọkùnrin kan sì jókòó sórí àga tó yẹ kí ẹ jókòó sí. Ó tọ́ omi sí ọmọ lẹ́nu, ó tọ́ ọtí sí i lẹ́nu, ó fún un ní orúkọ ara rẹ̀. Òun ló san owó ilé ìwé. Òun ló kọ́ ọ níṣẹ́ mẹkáníìkì. Orúkọ yẹn ló wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Suame Magazine ní Kumasi tí ẹ fi ń yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ yín, òun náà ni àwọn ọmọ-ọmọ yín ń jẹ́.

Tí ẹ bá wá gbé gbohùngbohùn, tí ẹ ní ó ti parí, fídíò rẹ̀ yóò dé Kumasi kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Kí ni ẹ fẹ́ kí ọmọ yín sọ fún bàbá arúgbó yẹn tó bá padà délé?

Kò sì ní lè kọ̀ fún yín. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Ẹni tó ti ń wá bàbá rẹ̀ láti kékeré, ohunkóhun tí bàbá bá gbé kà á lórí ni yóò gbé. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò jó, yóò fi owó lé onílù níwájú orí. Lẹ́yìn náà ni yóò máa pẹ́ kó tó pè, tí yóò máa ní iṣẹ́ pọ̀. Ẹ rántí ọmọ Bàbá Ìlọrin, àbúrò yín. Ìlù ni wọ́n fi gbà á padà lọ́wọ́ àwọn ará ìyá rẹ̀ ní Ìkìrun, wọ́n pa màlúù, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní kí Bàbá Ìlọrin ṣe sùúrù, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni kò jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì bára yín sọ̀rọ̀ títí di ìgbà ìsìnkú Ìyá Àgbà. Nígbà tí Bàbá Ìlọrin kú, ọmọ náà wá ní àárọ̀, ó padà ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí ẹ sọ fún àbúrò yín nígbà náà ni mò ń sọ fún yín báyìí. Ẹ má bínú.

Mo mọ ohun tó fa kánópì yẹn. Ní January 1983 tí ìjọba Shagari ní kí àwọn ọmọ Gánà máa lọ, ọmọdé ni mí, mo rí yín nídìí rédíò, ẹ kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Màámi ní ká fi yín sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń dá ọ̀rọ̀ yìí gbé, ẹ sì fẹ́ kí gbogbo ìlú bá yín yọ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Kumasi ni. Ẹ mú Bọ̀ọ̀dá Ìbàdàn dání, ẹ gbé schnapps bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀, ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà àti àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ. Mo ti ń gbọ́ ohùn yín: “Ṣé èmi ni n ó lọ kí ẹni tó fẹ́ obìnrin mi?” Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín bó bá fẹ́ orúkọ mìíràn kún tirẹ̀. Tó bá fẹ́, kí bàbá tó tọ́ ọ jókòó sábẹ́ kánópì náà pẹ̀lú yín. Ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó sí Accra kò ju nǹkan bí wákàtí kan lọ, èmi ni n ó san án.

Ní ti físà Bọ̀ọ̀dá Kumasi tí ẹ béèrè, kò nílò rẹ̀: ọmọ ECOWAS lè gbé ní Nàìjíríà fún 90 ọjọ́, kó ṣáà mú páspọ́ọ̀tù dání.

Ó ń dùn mí pé owó nìkan ni mò ń fi ránṣẹ́, tí n kò sí nílé bá yín yọ̀, tí ó tún jẹ́ èmi ni mo ń dá yín dúró. Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá Ìbàdàn ní òun kò lè kò yín lójú, ló bá pè mí ní aago mọ́kànlá òru, bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré.

Ẹ ní kí alásè fún yín lóṣù díẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá ti gé léèsì, ẹ jẹ́ kí wọ́n rán an. N ó pè yín lálẹ́ ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn oúnjẹ; ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fóònù fún Màámi kí wọ́n bá yín dáhùn.

Ọmọ yín ní tòótọ́,
Àbẹ̀kẹ́