Ọmọ Ta Ni Yín?

Tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ìròyìn fún àjọ tó ń mú iná sólà wọ àwọn ìlú àti abúlé tó yí Òdògbólú ká, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín kì í ṣe iye tí wọ́n ń ta fìtílà. Wọn ò tiẹ̀ ní bi yín pé wáàtì mélòó ni. Ìyá tó jókòó sídìí agbada gàrí máa wò yín látòkè délẹ̀, á ní, "Ọmọ ta ni yín?" Ìgbà tí ẹ bá dárúkọ agboolé yín tán ló tó máa gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀.

Àwa mẹ́rin la jọ ṣe IT wa nídìí iṣẹ́ yìí, oṣù mẹ́fà gbáko. Ohun tó wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fún wa kò le: ká ya fọ́tò, ká kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ká gbé e sórí Facebook àti Instagram, ká sì máa kọ ìròyìn oṣooṣù tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fowó ran àjọ náà lọ́wọ́. Owó oṣù kò sí. Owó ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó dé.

Síbẹ̀, iṣẹ́ náà wù wá, torí ojú wa ló ṣe. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ wá ń lọ sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sì dúró síbẹ̀. Àwọn télọ̀ àti onígbàjámọ̀ tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí "I better pass my neighbour", bẹ̀rẹ̀ sí í ti ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá ní iná tí kò gba epo lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti sọ fún wọn.

Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́? Pósítà àkọ́kọ́ tí wọ́n fún wa ká lẹ̀ káàkiri, ẹnì kan ló jókòó sí ọ́fíìsì ńlá tó túmọ̀ rẹ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó kọ gàdàgbà sí i ni "Agbára Mímọ́ fún Gbogbo Ilé". Bàbá kan kà á tán, ó bi wá pé ṣé ìsọjí ni, àti pé wòlíì wo ló ń bọ̀. Ẹ ò lè bá a jà. Ní ilẹ̀ wa, ohun tí wọ́n bá pè ní mímọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń wá síni lọ́kàn. Àwọn oníbàárà fúnra wọn ló wá fún wa lọ́rọ̀ tó yẹ. Obìnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ kan sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ lójú wa pé, "Iná tí kì í mu epo ni wọ́n ń tà." Láti ọjọ́ náà, orúkọ tí a ń pè é nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ló tún tẹ̀ lé e. Ọ́fíìsì fẹ́ èéfín. Wọ́n fẹ́ ojú tó ń ṣomi nídìí ààrò, kí àwọn tó ń fowó ṣètìlẹ́yìn lè rí ìdí tí wọ́n fi ń fowó sílẹ̀. Èéfín náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lóòótọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èèyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 ló kú lágbàáyé ní ọdún 2020 nípasẹ̀ afẹ́fẹ́ búburú inú ilé, tí igi, èédú àti kẹrosíìnì ń fà. Ṣùgbọ́n fìtílà là ń tà. Fìtílà sólà kò lè dín gàrí. Tí ẹ bá gbé fọ́tò èéfín ààrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà, ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè gbà á gbọ́ pé ọ̀kan ló lé èkejì lọ. Ìyá tó wà nínú fọ́tò náà mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, torí èéfín ṣì wà lójú rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Àwọn ìyá náà ò sì gbà. "Ẹ jẹ́ kí n lọ wẹ̀ ná, kí n wé gèlè." Ṣé ẹ rántí Ojúde Ọba ọdún 2024, nígbà tí fọ́tò àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú lórí ẹṣin, nínú aṣọ olówó ńlá, gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan? Àwọn èèyàn yìí kan náà ni. Wọ́n mọ ohun tí fọ́tò ń ṣe. A ya wọ́n pẹ̀lú gèlè, fìtílà lọ́wọ́, a sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ alẹ́ ni fìtílà yìí wà fún, pé ti ààrò ṣì kù.

Ohun kejì tí a kọ́ ni ìṣirò. Ìwé tó bá ọjà wá ní iná náà ń tàn "mọ́jú". Ẹ wò ó: pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 10, tí oòrùn bá ràn sí i dáadáa fún wákàtí mẹ́rin, wáàtì-wákàtí 40 ló máa kó jọ. Gílóòbù wáàtì 5 máa jẹ ẹ́ tán ní wákàtí mẹ́jọ, ìyẹn tí nǹkan kan ò bá ṣòfò, bẹ́ẹ̀ díẹ̀ máa ń ṣòfò. Ó dáa. Oṣù Keje wá ńkọ́, tí òjò lè rọ̀ láti àárọ̀ tí ojú ọ̀run á sì dúdú títí alẹ́? Tí oòrùn bá dín sí ìdajì, iná náà á dín sí ìdajì. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ máa ń kó eruku bo ojú pánẹ́ẹ̀lì. A kọ gbogbo èyí sí Yorùbá, a sì fi ohùn ka á sórí WhatsApp, torí ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà wa fẹ́ràn kí wọ́n gbọ́ ju kí wọ́n kà lọ.

Lẹ́yìn náà ni fìtílà kan kú. Kò tíì lo oṣù mẹ́rin. Ìyá tó ni ín kò lọ sí ọ́fíìsì, kò sì pe nọ́ńbà kankan. Ilé ìyá ọ̀kan nínú wa ló gbà lọ. "Ọmọ yín ló ní kí n rà á." Ọ́fíìsì ní fọ́ọ̀mù wà tí wọ́n máa kọ, pé ó máa gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìyá ọ̀rẹ́ wa kò lè dúró de fọ́ọ̀mù. Ó mú nínú owó èsúsú rẹ̀, ó dá owó obìnrin náà padà, torí wọ́n jọ ń ṣe ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ náà ló yé wa, ohun tí a ń gbé wá síbi iṣẹ́ ní àràárọ̀. Fọ́tò, ẹnikẹ́ni lè yà á. Orúkọ ilé wa ni wọ́n ń lò, kò sì sí nínú lẹ́tà.

Ẹ wo Solar Sister, àjọ tí Katherine Lucey dá sílẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà náà. Obìnrin àdúgbò ló ń ta fìtílà fún aládùúgbò rẹ̀, èrè tirẹ̀ sì wà lórí ohun tó bá tà. Ẹni tó fi orúkọ rẹ̀ dúró ń rí nǹkan gbà lórí orúkọ náà. Ẹ tún wo Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà, nítòsí wa níbí. Láyé àwọn aláré alárìnká, ọkọ̀ á yí ìlú ká pẹ̀lú ìlù, wọ́n á kéde eré. Nígbà tí alẹ́ bá lẹ́, àwọn tó kéde náà ni ìlú máa rí lórí ìtàgé. Bí eré náà ò bá dùn, ojú wọn ni wọ́n máa gbọ́ ọ.

Tiwa yàtọ̀: àwa là ń kéde, ẹlòmíì ló ni eré. Nítorí náà, a kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wa. A ní kí iye owó, oṣù tí gàráńtì fi wà, àti nọ́ńbà ẹni tó ń tún fìtílà ṣe hàn lórí gbogbo pósítà, kí wọ́n sì fi fìtílà méjì sílẹ̀ ní Òdògbólú fún pààrọ̀ ojú ẹsẹ̀. Wọ́n gba ti pósítà. Ti fìtílà méjì, wọ́n ní àwọn ń rò ó, wọ́n ṣì ń rò ó nígbà tí oṣù mẹ́fà wa pé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ibi tí ẹ ti máa ṣe IT, irú iṣẹ́ yìí dáa, ẹ má sá fún un. Iná tí kì í mu epo wúlò fún ìlú wa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé kámẹ́rà, ẹ bi wọ́n pé: tí ọjà yìí bá bàjẹ́, ta ló máa tún un ṣe, ọjọ́ mélòó ló máa gbà, níbo la ó ti rí i? Tí wọn ò bá ní ìdáhùn, ilé òbí yín ni ìdáhùn náà.