Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Inú Igbó: Láti Aráròmí-Obu Dé Òkè Ìdànrè

Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti gba Ọ̀rẹ̀ kọjá nígbà tí ẹ ń ti Èkó lọ sí Benin tàbí sí ìhà ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ dúró, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ jẹun, ẹ ra búrẹ́dì fún àwọn ará ilé, awakọ̀ fọn fèrè, ẹ sì tún wọlé. Bí àgbàlagbà kan bá wà nínú ọkọ̀ náà, yóò rántí pé Ọ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Biafra dé ní oṣù kẹjọ ọdún 1967 kí wọ́n tó lé wọn padà, yóò sì wí pé, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀." Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ó bèèrè ohun tí ó wà lẹ́yìn ilé olóúnjẹ yẹn?

Igbó ni ó wà níbẹ̀. Aráròmí-Obu, tí mo fẹ́ kí a jọ dé lónìí, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbò, tí Ọ̀rẹ̀ jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Agbègbè yìí náà ni igbó ọba Olúwa wà, ìyẹn igbó tí ìjọba fi òfin dè. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o: odò ni Olúwa tí mo ń wí yìí.) Ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni igbó Ọmọ wà, tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1925.

Ẹ má retí òkè gíga níhìn-ín. Ilẹ̀ a gùn díẹ̀, a sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ẹ ó sì bá omi ṣíṣàn ní ìsàlẹ̀, pẹ̀lú igi kan ṣoṣo tí wọ́n fi ṣe afárá. Kò sí pátákó tí yóò sọ ibi tí ẹ dé. Ọ̀nà ọdẹ kò gba ènìyàn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni a ń tò ó. Bí ọ̀nà bá pín sí méjì, ẹni tí ó wà níwájú a já ẹ̀ka ewé, a fi dábùú èyí tí kò gbà, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa ṣìnà. Kí ẹ wọ bàtà tí ó bo ọrùn ẹsẹ̀, nítorí oká àti paramọ́lẹ̀ a máa sùn sábẹ́ ewé gbígbẹ. Bí ẹ bá sì rí ìjàlọ tí wọ́n ń kọjá lójú ọ̀nà, ẹ dá sókè kọjá, ẹ má dúró wòran!

Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù nínú irú igbó yìí ni orúkọ àwọn igi. Ìrókò, àfàrà, ìdígbó, òpépé: àwọn orúkọ Yorùbá wọ̀nyí ni àwọn oníṣòwò pákó ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù fi ń pè wọ́n títí di òní. Gbẹ́nàgbẹ́nà òyìnbó tí kò mọ "ẹ káàárọ̀" mọ ìdígbó! Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ní Èkó kò lè tọ́ka sí igi ìrókò kan bí wọ́n bá dúró tì í.

Òkìkí igi wọ̀nyí náà ni ó kó bá igbó. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti rìn níbẹ̀ ni ọ̀nà gẹdú, tí ọkọ̀ akẹ́rù là láti fi kó ìtì igi jáde. Ó gbòòrò, ó pupa, kò sí ẹ̀gún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ gẹdú bá là ni àdá ń tọ̀ lẹ́yìn. Àgbẹ̀ a wọlé, a gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókó, lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan ẹ ó rí i pé abúlé ti dúró níbi tí igi ńláńlá wà. Ìjọba pàápàá fọwọ́ sí i nígbà kan: wọ́n fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ láti gbin oúnjẹ sáàárín igi mẹ̀línà kéékèèké, pé kí ó jáde bí igi bá ti ga. Ẹni tí ó ti gbin kókó kò ní jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ni. Èmi kò lè bá a wí, síbẹ̀ inú mi kò dùn sí igbó mẹ̀línà. Igi kan náà ni lọ́tùn-ún lósì, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Erin ṣì wà ní ìhà igbó Ọmọ. Àwọn baba wa ní àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí", ṣùgbọ́n lónìí fìrí náà ti ṣọ̀wọ́n. Ní ọdún 2021 ni àjọ IUCN kéde pé erin inú igbó Áfíríkà wà ní bèbè àtiparun pátápátá. Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbẹ̀ sì ni erin ń yà sí bí igbó bá tán, nítorí náà ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò lè wọ̀.

Bí ẹ bá ń mú ọmọdé lọ, Òkè Ìdànrè ni mo gbà yín nímọ̀ràn, kì í ṣe inú igbó Olúwa. Ìdànrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni ẹ ó gùn, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Lókè ni ẹ ó bá ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1920: ààfin wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀. Láti ọdún 2007 ni ó ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Bí ẹ bá kírun Àsùbáà tán tí ẹ gbéra ní ìsàlẹ̀ òkè, ẹ ó ti dé òkè kí oòrùn tó mú.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ rin Olúwa dandan, kí ó lọ ní ìgbà ẹ̀rùn, kí ó kọ́kọ́ kí baálẹ̀, kí ó gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gbó, kí ó sì mú ọmọ ìlú tí ó mọ ọ̀nà dání. Ọ̀rọ̀ ajínigbé kì í ṣe eré ní àwọn igbó ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òun ni ó mú kí gómìnà ìgbà náà pàṣẹ ní oṣù kìíní ọdún 2021 pé kí àwọn darandaran jáde kúrò nínú igbó ọba. Bí àwọn ará abúlé bá ní kí ẹ padà, ẹ padà.

Ní Ìdànrè, kí àwọn ọmọ wo ara àpáta níbi tí omi ti ń sun. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí kò sí níbòmíràn ní ayé ju orí òkè yẹn lọ. Ọdún 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé, lẹ́yìn náà ó lé ní 40 ọdún tí onímọ̀ kankan kò rí i mọ́, títí tí wọ́n fi kéde ní ọdún 2014 pé àwọn ti tún rí i. Ara àpáta tútù ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà, kì í ṣe inú odò. Kékeré ni, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti òkúta, nítorí náà kí wọ́n rọra tẹ ẹsẹ̀.