Máàkì Mẹ́ta

Agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Mo ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe kóòtù ni mo ti dá a; ẹ̀gbẹ́ pápá bọ́ọ̀lù ni, ní ìlú Ìlọrin.

Olùkọ́ ni mí nígbà náà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, èmi ni mo sì ń bójú tó ìwé ìròyìn ara ògiri tí àwọn ọmọ ń kọ. Bí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán, èmi náà a fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní máàkì nínú mẹ́wàá, bí àwọn oníwèé ìròyìn ti ń ṣe. Ní ọjọ́ kan, a borí pẹ̀lú góòlù kan sí òdo. Mo fún ẹni tó gbá a wọlé ní mẹ́sàn-án. Mo fún ọmọ kan tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ní mẹ́ta, nítorí n kò rántí ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní ‘Máàkì Mẹ́ta’. Kò pẹ́ tí kò fi wá sí pápá mọ́.

Nígbà tí mo bi akọ́nimọ̀ọ́gbá léèrè ni ó là mí lọ́yẹ. Iṣẹ́ tó rán ọmọ náà ni pé kó má ṣe kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù nínú àwọn tí a jọ ń figa gbága. Títí eré fi parí, onítọ̀hún kò rí ọ̀nà dé ẹnu ilé wa. Ọmọ jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Èmi ni n kò ka ìbéèrè kí n tó fún ìdáhùn ní máàkì. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Kò burú, sà.” Ṣùgbọ́n kò padà sí pápá.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo irú máàkì bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, ìwé ìròyìn L'Équipe a máa fúnni ní máàkì nínú mẹ́wàá. Ní ilẹ̀ Jámánì, 1 ni Kicker ń fún ẹni tó mókè, 6 sì ni ti ẹni tó kẹ́yìn. Ní ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024, ní ìlú Dublin, Ademola Lookman, ọmọ wa tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, fi góòlù mẹ́ta gba ife Europa fún Atalanta lọ́wọ́ Bayer Leverkusen, ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 51 tó tẹ̀ léra. L'Équipe fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, èyí tó ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ó pàdánù pẹnáritì kan nígbà tí wọ́n ń bá Club Brugge gbá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ sì sọ ní gbangba pé ó wà lára àwọn tí kò mọ pẹnáritì gbá jù lọ tí òun rí rí. Ẹni kan náà ni!

Nísinsìnyí, bí mo bá lọ wo Kwara United, ojú mi kì í tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù nìkan. Mo máa ń wá ẹni tó dúró sí ọ̀ọ́kán, tó ń dí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá gbé bírò pupa, ẹ rántí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ jókòó ṣe ìdánwò, ẹ rántí pé máàkì ń sọ ohun tí ojú ẹnìkan rí. Kì í sọ gbogbo ohun tí ẹ jẹ́.