Níbo La Ó So Ọkọ̀ Yìí Mọ́?

Bí ẹ bá ti gbé Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndó rí, ẹ ó mọ̀ pé omi tí àwa ará Alímọ̀ṣọ́ mọ̀ jù ni omi kànga, omi inú kẹ́ẹ̀gì, àti omi òjò tó máa ń dá wa dúró sójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ẹnu fi ya àwọn ará àdúgbò nígbà tí àwa mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí a ó so ọkọ̀ ojú omi mọ́.

Bàbá àgbà ọ̀kan nínú wa ló ni ọkọ̀ náà. Káfíńtà ni wọ́n ní èbúté Àpápá láyé ọjọ́un, òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fi ọkọ̀ náà ta wọ́n lọ́rẹ. Ọkọ̀ kékeré onígbòkun pupa ni. Mirror ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ọdún 1962 ni Jack Holt àti Barry Bucknell ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé ìwé ìròyìn Daily Mirror sì dúró tì wọ́n, kí ẹni tí kò lówó púpọ̀ lè fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ọkọ̀ tirẹ̀ nílé. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.3, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 45 lọ. Láti ìgbà tí a ti gbọ́n ló ti wà ní ìdojúdé lábẹ́ igi máńgòrò ní Ìgàndó, tí adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ẹbí pinnu láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Bàbá pè wá, wọ́n ní: "Bí ẹ kò bá rí ibi gbé e sí kí Kérésì tó dé, wọn á fi ṣe ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí n tún rí i lórí omi lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ." Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ ká sùn.

Ibi tí a kọ́kọ́ ronú kàn ni Lagos Yacht Club, ẹgbẹ́ onígbòkun tó ti wà ní Erékùṣù Èkó láti ọdún 1932. A wọ ọkọ̀ lọ sí Onikan, a dúró lókèèrè, a ń wo òpó ìgbòkun wọn. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀ lágbàáyé máa ń béèrè ẹni tí yóò dúró fún ọ, owó ìwọlé àti owó ọdọọdún. Nígbà tí a ṣírò owó mọ́tò láti Ìkọ̀tún dé Onikan ní àlọ àti àbọ̀ fún àwa mẹ́ta, owó oúnjẹ wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ká tó dárúkọ owó ẹgbẹ́. A tún dé ibòmíràn tí wọ́n ti ń gba owó ìgbọ́kọ̀sí. Iye tí wọ́n pè fún oṣù kan ju owó ilé wa fún odidi sáà ẹ̀kọ́ kan lọ. A dúpẹ́, a yísẹ̀ padà.

Orí afárá Third Mainland la wà nínú ọkọ̀ Òṣòdì nígbà tí ọ̀kan nínú wa nawọ́ sí ojú ọ̀sà. Àwọn ọkọ̀ oníyanrìn ń bọ̀, ìgbòkun wọn kún fún afẹ́fẹ́. Àpò ni wọ́n rán pọ̀ tí wọ́n fi ṣe é. Ojoojúmọ́ la ń rí wọn, a ò kà wọ́n sí. Ẹgbẹ́ onígbòkun tí a ń wá kiri wà níwájú wa, àwa ló ń wo ẹ̀yìn.

Bí a ṣe kọjú sí ọ̀nà Ìyànà Ìbà nìyẹn, tí a fi ẹsẹ̀ rin àwọn èbúté ìhà Ọ̀jọ́. Omi ibẹ̀ ló sún mọ́ wa jù, òun náà ló sì gba Àgbádárìgì kọjá lọ sí Àjàṣẹ́. A bá bàbá apẹja kan tó jẹ́ Ògù níbi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe. A dọ̀bálẹ̀, a béèrè iye tí wọ́n máa gbà. Wọn ò dárúkọ owó. Ìbéèrè ni wọ́n fi dá wa lóhùn: "Bí òjò bá rọ̀, ta ni yóò gbọ́n omi inú rẹ̀? Bí ìjì bá jà lóru, ta ni yóò wá wò ó?"

A wojú ara wa. Láti ìgbà tí a ti ń kiri, kò sẹ́ni tó béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa, àwa náà ò sì bi ara wa.

Bàbá ní kí a má fi ọkọ̀ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀ sínú omi rárá. Omi ń kún, ó ń fà. Bí okùn bá kúrú, ọkọ̀ á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kòkòrò inú omi á jẹ pákó rẹ̀. Koríko tó ń léfòó lórí omi, èyí tó ti gba ọ̀nà Àgbádárìgì wọlé láti ọdún 1984, á sì dì mọ́ ọn. Ẹni méjì lè gbé e: ẹ gbé e gun òkè, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ so ó mọ́ èèkàn. Ọmọ tí yóò máa ṣọ́ ọ á gba ₦5,000 lóṣù. Èyí tó kù kì í ṣe owó: ní gbogbo Sátidé, kí a wá tọ́jú rẹ̀, kí a sì kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ wọn láti ka Yorùbá. "Ẹ ṣáà ní iṣẹ́ tí ẹ ń kọ́ nìyẹn."

Ojú tì wá díẹ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Inú Bíbélì àti ìwé la ti mọ ìtọ́kọ̀ àti ìdákọ̀ró, a lè fi wọ́n dáhùn ìbéèrè nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí à ń kọ́ ní ábídí ló fi ọwọ́ wa lé ìtọ́kọ̀, tó ní bí a bá fẹ́ yà sí ọ̀tún, òsì ni ká tì í sí.

Ọjọ́ tí a fi ọkọ̀ akẹ́rù kó o kúrò ní Ìgàndó, àwọn èrò Ìyànà Ìbà fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀yin ọmọ Nóà, ṣé ìkún omi ti dé ni?" Bàbá àgbà jókòó níwájú, wọ́n de fìlà, wọn ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ìgbòkun pupa náà ti ya níbi méjì. Àpò ìrẹsì la fi lẹ̀ ẹ́. A wọ life jacket, a tì í sómi. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi yí dà, tí gbogbo wa bọ́ sómi. Nígbà tí a yọrí, ẹ̀rín Bàbá la kọ́kọ́ gbọ́ láti orí àga oníke tí wọ́n gbé fún wọn. A tún gun ọkọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, afẹ́fẹ́ gbé wa lọ, ó sì gbé wa bọ̀. Bàbá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n kàn ń mi orí, wọ́n ń fi ojú bá ìgbòkun náà lọ.

Bí ẹ̀yin náà bá ní ọkọ̀ kékeré, ẹ má kọ́kọ́ béèrè iye owó. Ẹ béèrè ẹni tí yóò máa wò ó lálẹ́ àti ibi tí omi ń fà dé. Ẹ béèrè ẹni tó láṣẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, torí lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a pé NIWA ti ìjọba àpapọ̀ ló ń darí ojú ọ̀nà omi inú ilẹ̀, kì í ṣe ìjọba Èkó. Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Àwa ti rí i pé ènìyàn náà ni èèkàn.

A ó wà níbẹ̀ ní Sátidé. Àyè ẹnì kan ṣì kù nínú ọkọ̀. Ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ dání.