OHUN TÍ Ó WÀ LẸ́YÌN Ẹ̀FÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì lórí òwe yìí, kí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà lóru ọjọ́ kan, kí ó pàṣẹ fún un pé kí ó to iṣẹ́ kan tí a fi èdè Java kọ pọ̀, kí ó sì wo bí ìlà pupa yóò ṣe máa ya wálẹ̀ bí eéṣú. Èdè Java tí mo wí yìí kì í ṣe èdè tí ènìyàn ń fi ẹnu sọ. Èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni. Ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà ni ó gbé e jáde ní ọdún 1995, James Gosling sì ni aṣáájú àwọn tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò máa bèèrè pé kí ni ọmọ tí ń kọ́ Yorùbá ń wá nídìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn ń lò nídìí iṣẹ́ wọn. Mo gba ọ̀rọ̀ bí 400 sílẹ̀ lẹ́nu bàbá kan tí ó ti ń hunṣọ láti ìgbà èwe rẹ̀, mo sì tẹ gbogbo wọn sínú Excel pẹ̀lú àmì ohùn àti ìtumọ̀. Nígbà tí mo ń dágbére, bàbá ní: "Ọmọ mi, bí o bá to ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tán, mú un wá kí Iléyá tó dé. Ọmọ ọmọ mi yóò kà á sí mi létí, kí n gbọ́ bóyá ohun tí mo sọ ni o kọ." Ẹni tí àgbàlagbà bá bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹrù ti dórí rẹ̀.

Ẹ ó rántí pé ètò álífábẹ́ẹ̀tì wa yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ni ó tẹ̀lé E, GB ni ó tẹ̀lé G, Ọ ni ó tẹ̀lé O, Ṣ ni ó sì tẹ̀lé S. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti jáde tipẹ́ ti kọ ètò kan sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí nígbà tí Java 8 ni ó gbòde. Ètò náà yóò ka Excel, yóò to ọ̀rọ̀ bí Yorùbá ṣe ń tò ó, yóò fi wọ́n pamọ́ sínú fáìlì XML, yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ jáde bí ìwé atúmọ̀. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ó ti ń rìn títí ó fi kàn mí. Lórí ẹ̀rọ tèmi, ó kọ̀ jálẹ̀.

Kí a tó dé ibi tí ó ti kọ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀. Ẹni tí ń kọ ètò Java kì í dá gbogbo iṣẹ́ ṣe. Bí ó bá fẹ́ ka Excel, yóò yá iṣẹ́ Apache POI lò. Bí ó bá fẹ́ to ọ̀rọ̀ Yorùbá, yóò yá ICU4J, nítorí òfin títo álífábẹ́ẹ̀tì wa wà nínú rẹ̀. Àpò tí irú iṣẹ́ àyálò bẹ́ẹ̀ ń wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní jar. Àwọn ohun èlò kan sì wà tí ń bá ni to gbogbo rẹ̀ pọ̀: Ant dé ní ọdún 2000, Maven 1.0 jáde ní 2004, Gradle 1.0 sì jáde ní 2012. Maven ni ètò tèmi ń lò. Inú èdè Yiddish, èdè àwọn Júù ilẹ̀ Yúróòpù, ni wọ́n ti mú orúkọ yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì súnmọ́ ohun tí àwa ń pè ní ọ̀mọ̀ràn. Maven ní ìwé kan tí ń jẹ́ pom.xml. Ìwé ìpè ni. Orúkọ àlejò tí a pè àti ẹ̀dà rẹ̀ ni a ń kọ síbẹ̀, Maven yóò sì lọ kó wọn wá láti inú àká ńlá kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń jẹ́ Maven Central.

Ibẹ̀ ni ẹ̀fà parí sí. Èje ni pé àlejò kọ̀ọ̀kan tún ní àlejò tirẹ̀ tí ó ń mú bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ìnáwó ṣe ń rí nílẹ̀ wa: ẹ pe ènìyàn kan, ó mú ọ̀rẹ́ méjì dání, ọ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan sì mú ọmọ wá. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ nídìí ọbẹ̀, ẹni tí ń pariwo lè jẹ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, nígbà tí wọ́n ṣí ihò ńlá tí ó wà lára Log4j payá, ihò tí olè lè gbà wọ inú ẹ̀rọ láti òkèèrè, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ káàkiri ayé ni kò mọ̀ pé Log4j ń gbé ilé àwọn. Wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìpè. Àlejò ni ó mú un wá. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ẹ̀gbọ́n kan tí ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, tí a jọ ń gbé ilé kan náà, ni mo tọ̀ lọ. Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àwọn ìlà pupa yìí." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Àbúrò, má ka igbe tí ó kẹ́yìn. Lọ sókè, kí o ka èyí tí ó kọ́kọ́ jáde. Òun ni àìsàn. Àwọn yòókù, arò ni wọ́n ń sun." Lẹ́yìn náà ó ní kí n tẹ mvn -v, kí a mọ Java tí Maven ń lò gan-an, nítorí pé ó lè yàtọ̀ sí èyí tí java -version yóò dárúkọ, bí JAVA_HOME bá kọjú síbòmíràn. Java 17 ni a bá níbẹ̀.

Igbe àkọ́kọ́ kà báyìí: package javax.xml.bind does not exist. Iṣẹ́ tí ń bá ètò náà fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú XML ni. Nígbà tí wọ́n kọ ètò náà, ọmọ ilé ni javax.xml.bind jẹ́, inú Java fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé, nítorí náà kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìpè. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, nígbà tí Java 11 jáde, wọ́n kó o jáde kúrò nínú ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ lónìí gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ pè é. Àmọ́ ó ti yí orúkọ padà. Nígbà tí Oracle gbé ìdí iṣẹ́ náà lé Eclipse Foundation lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ lórí orúkọ kò jẹ́ kí wọ́n lè máa fi javax kọ́ ilé tuntun, wọ́n sì mú jakarta. Ẹ fi ojú ìdílé Ògúnbíyìí tí ó di Olúbíyìí wò ó: ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi orúkọ àtijọ́ pè é, kò ní dáhùn. Ibi tí ó ti ta kókó ni pé jakarta.xml.bind-api 2.3.3 ń jẹ́ Jakarta lójúde, ó ṣì ń jẹ́ javax nínú ilé, nígbà tí 3.0.0 ti yí ti inú ilé pẹ̀lú padà. Ètò tiwa ṣì ń pe javax, 2.3.3 sì ni a mú, pẹ̀lú jaxb-runtime tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ó ti ń kó wọn bọ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì ti já mọ́ wa lọ́wọ́. Nígbà tí ó padà, Maven kò gbìyànjú mọ́. Ìdí ni pé ó máa ń kọ ìkùnà sílẹ̀ sínú àpótí .m2 nínú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí lastUpdated, kò sì ní padà lọ béèrè títí àsìkò kan yóò fi kọjá. A fi -U kún àṣẹ wa, ó sì tún ọ̀nà rìn.

Ètò náà tò pọ̀, ṣùgbọ́n bí a ti ní kí ó ka Excel, ó ṣubú. NoClassDefFoundError ni ó ké. Ní irú ìgbà báyìí, tí ètò bá ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, ìsàlẹ̀ ni a ti ń wá ìdí, níbi tí ó bá ti kọ Caused by kẹ́yìn. POI ni ń sunkún, ẹ̀gbọ́n sì ní kí n má dá POI lẹ́bi. Ó ní kí n tẹ mvn dependency:tree -Dverbose. Àṣẹ yìí ni ó ń to ìdílé sílẹ̀ bí igi: ta ni ó mú ta ni wá. A rí i pé POI 5.2.5 ní commons-io 2.15.0 ni òun ń fẹ́, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé omitted for conflict with 2.6. Ẹni tí ó kọ ètò náà ní àkọ́kọ́ ti pe commons-io 2.6 fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀ gbé POI sókè, kò fọwọ́ kan èyí, ó sì jọ pé kò dán an wò títí ó fi jáde. Òfin Maven ni pé ẹni tí ó bá súnmọ́ onílé jù ni yóò wọlé, ìbáà jẹ́ arúgbó. Gradle ní tirẹ̀, ẹ̀dà tí ó ga jù ni ó sábà máa ń mú. Arúgbó 2.6 jókòó sórí àga, POI béèrè ohun tí wọn kò tíì dá nígbà ayé rẹ̀, ìjà sì dé. A yí 2.6 padà sí 2.15.0, a kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, a tún un tò.

BUILD SUCCESS! Ẹ̀gbọ́n nà tán, ó ní, "Àbúrò, ó parí." Mo ṣí ìwé náà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò parí o.

Ọkọ̀ ni àwọn ahunṣọ ń pe igi tí ó ń gbé òwú sọdá láàárín aṣọ. Nínú ìwé tí ẹ̀rọ kọ jáde, ?k?? ni ó wà níbẹ̀. Ọkọ́ tí a fi ń roko pẹ̀lú di ?k??. Ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó di ?k?. Oko nìkan ni ó bọ́. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ohun kan bàjẹ́. Ó ti ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe, ó ti kígbe àṣeyọrí, ẹ̀gbọ́n tí ó mọ iṣẹ́ náà dájú sì ti gbà fún un. Ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀ nìkan ni ó lè sọ pé iṣẹ́ kò tíì ṣe.

A padà sẹ́yìn lọ ka gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ti sọ. Ìlà kan wà níbẹ̀, àwọ̀ òféèfèé ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ní Using platform encoding, Cp1252. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń sọ ọ́, a kàn ń kọjá rẹ̀ ni nítorí pé kì í ṣe pupa. Igi gànnàgànnà má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Cp1252 jẹ́ ètò àmì tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Kò ní ọ, kò ní ẹ, kò ní ṣ nínú. Java ìgbà náà a máa bá ẹ̀rọ tí ó bá wà lórí rẹ̀ lò ó. Láti Java 18 ní oṣù Kẹta ọdún 2022 ni UTF-8, tí ó gba gbogbo èdè, ti di àṣà rẹ̀. A kọ project.build.sourceEncoding sínú pom.xml pé UTF-8 ni, a sì tún ìlà tí ń kọ fáìlì jáde ṣe kí ó dárúkọ UTF-8. Nígbà yìí, ọkọ̀ jáde bí ọkọ̀.

Ìwé náà dé Ìsẹ́yìn kí Iléyá tó dé. Ọmọ ọmọ bàbá kà á láti A dé Y, bàbá sì dá a dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti fi ìtumọ̀ kejì kún ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nǹkan méjì ni mo fẹ́ kí a mú dání. Èkíní, iṣẹ́ tí a ṣe lóru náà kò ṣàjèjì sí wa. Bí a bá gbọ́ oríkì kan lẹ́nu akígbe mẹ́ta, tí wọn kò bára mu, a máa ń béèrè pé lọ́dọ̀ ta ni olúkúlùkù ti kọ́ ọ, títí a ó fi dé orísun. Bí a ṣe ń wá ìdí àìsàn iṣẹ́ Java náà nìyẹn: ẹ ka igbe dáadáa, ẹ béèrè ẹni tí ó mú ẹni wá, ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Èkejì, bí a bá fi gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ èdè wa, ẹ̀rọ yóò máa kígbe àṣeyọrí lórí ọ̀rọ̀ tí ó ti kú. Mo ti fi ètò náà sọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, pẹ̀lú pom.xml rẹ̀, mo sì kọ ẹ̀dà Java tí ó ń lò síwájú ìwé. Ẹni tí yóò gbà á lẹ́yìn mi, kí ó máa bá a lọ, kí ó sì kọ tirẹ̀ náà sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀.

Ire o.