Báńkì ló yàn yín, kì í ṣe Ọlọ́run

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ, ọ̀rọ̀ inú àpótí lẹ́tà ni.

Gbogbo ẹni tó bá ti gbé Amẹ́ríkà fún ọdún kan sí méjì ló mọ lẹ́tà tí à ń wí. Wọ́n á kọ orúkọ yín gàdàgbà sára àpòòwé. Wọ́n á ní àwọn ti yàn yín sílẹ̀ fún credit card, pé bí ẹ bá ti ń ná an, àwọn á máa dá díẹ̀ padà fún yín nínú owó náà. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní cashback.

Ohun tó mú wa kọ èyí ni pé arábìnrin wa kan mú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wá bá wa lẹ́yìn ìsìn. Inú Bíbélì ló ká a sí. Ó ní, "Dádì, ẹ bá mi dúpẹ́. Ojú rere ti dé. Wọ́n ní wọ́n ti yàn mí." Ó fẹ́ fi jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ ló kú nílé, àwọn ẹbí ti bu owó ìsìnkú lé e lórí, ó sì gbà pé ọ̀nà tí Ọlọ́run là nìyẹn. A ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. A ní kó jókòó, àwa àti ìyá ìjọ sì bá a ka lẹ́tà náà tojú tẹ̀yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́ fáyé gbọ́, ká má ṣáà ti dárúkọ òun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó yan èèyàn. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá mẹ́ta kan wà tó ń kó àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn èèyàn jọ ní Amẹ́ríkà: Equifax, Experian àti TransUnion. Báńkì á lọ bá wọn pé kí wọ́n fún òun ní orúkọ àwọn tí àkọsílẹ̀ wọn bá dé ìwọ̀n báyìí báyìí. Òfin Fair Credit Reporting Act ti ọdún 1970 ló ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ náà. Orúkọ inú ìwé ni wọ́n rà. Kọ̀ǹpútà tó ṣà yín kò mọ̀ pé ìyá yín kú, kò mọ iye ọmọ tí ẹ ní, kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín lánàá. Bí ẹ bá sì kọ̀wé béèrè fún káàdì náà, wọ́n á tún yẹ̀ yín wò, wọ́n sì lè sọ pé ẹ ò kúnjú òṣùwọ̀n mọ́. Ṣé bí Ọlọ́run ṣe ń yan èèyàn nìyẹn?

Ẹ̀wẹ̀, a ò ní parọ́ mọ́ báńkì. Òótọ́ ni cashback. Nígbàkigbà tí ẹ bá fi káàdì rajà, ẹni tó tajà ń san díẹ̀ fún báńkì, nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fún yín ní tiyín. A ní àwọn ọmọ ìjọ tó ń san gbogbo owó tí wọ́n ná lóṣooṣù kí ọjọ́ tó pé, wọn ò san kọ́bọ̀ èlé, wọ́n sì ń gba tiwọn. Ọgbọ́n ni. A kí wọn.

Àmọ́ ẹ bá wa ṣe ìṣirò. Ká ní ẹ ná dọ́là 3,000, tí wọ́n ń dá dọ́là kan àti ààbọ̀ padà lórí ọgọ́rùn-ún. Dọ́là 45 nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ ò bá wá rí i san, tí èlé sì jẹ́ dọ́là 24 lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún, èlé oṣù kan péré ti tó bíi dọ́là 60. Ẹ gba 45 lẹ́ẹ̀kan, ẹ ń san 60 lóṣooṣù. Ta ló wá ń fún ta lówó?

Láti ọdún 1988 ni òfin ti ní kí wọ́n to iye èlé àti owó ìtanràn sínú àpótí kan lára irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ká kọ́kọ́ máa kà. Ibẹ̀ náà la fi han arábìnrin wa pé owó ló fẹ́ yọ láti fi ránṣẹ́ sílé, kì í ṣe ọjà ló fẹ́ rà. Yíyọ owó nínú káàdì ní èlé tirẹ̀, tirẹ̀ ju 29 lórí ọgọ́rùn-ún lọ, ọjọ́ tó bá yọ ọ́ gan-an ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tún gba owó iṣẹ́ lórí ẹ̀. Cashback kankan ò sí níbẹ̀. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ń sunkún.

Àwọn bàbá wa mọ gbèsè dáadáa. Wọ́n mọ ìwọ̀fà, ẹni tó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ dípò èlé títí owó á fi pé. Wọ́n mọ òṣómàáló, Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ tó máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yín, tí kò ní dìde àfi tó bá gbowó ẹ̀. Gbèsè ayé ìgbà yẹn lójú, ó lẹ́nu, gbogbo àdúgbò ló ń rí i. Ti ìsinsìnyí kì í lóṣòó. Ẹ̀rín ló ń bá wọlé. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè jẹ ẹ́ títí tí ìyàwó tàbí ọkọ ò fi ní mọ̀. Ogún ọdún sì ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Ẹ lọ ka Òwe 22:7 àti Lúùkù 14:28, kí tọkọtaya jọ kà á.

A fẹ́ sọ ti ìjọ náà. Ilé ìjọsìn tí à ń kọ́ ò tíì parí, gbogbo yín lẹ mọ̀. Síbẹ̀, a ti sọ fún àwọn díákónì: ẹni tó bá jẹ́ gbèsè credit card ló fẹ́ jẹ kó tó lè san ìlérí, kó má san án. Inú gbogbo wọn kọ́ ló dùn. Ṣùgbọ́n a ò lè máa wàásù òmìnira ká sì máa fi ìwọ̀fà kọ́lé.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dákun. Nígbà tí arábìnrin yìí pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sọ iye tí agbára rẹ̀ ká, ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ ò ṣeé kọ síbí. Ìsìnkú ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ṣì ń bínú. Màmá ò ní béèrè iye màlúù tẹ́ ẹ pa. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sin ìyá rẹ̀ bí apá rẹ̀ ṣe mọ.

Ẹni tí kò bá fẹ́ lẹ́tà yẹn mọ́ lè pe 1-888-567-8688, tàbí kó lọ sí optoutprescreen.com. Ọdún márùn-ún ni wọ́n á fi yọ orúkọ yín. Bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ títí láé, ẹ máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn tó bá ti dé, ẹ ya wọ́n wẹ́lẹwẹ̀lẹ kẹ́ ẹ tó jù wọ́n nù, torí àwọn olè. Ní ti àwọn ọmọ yín tí kò tíì pé ọdún 21, òfin ọdún 2009 kò jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún irú lẹ́tà yìí àfi tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá gbà. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó pé e.

Ẹni tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn, ẹ má sá fún wa. Ẹ wá, a ò ní bú yín, a jọ máa jókòó ṣírò ẹ̀ ni.

Olúwa ò ní jẹ́ ká fi ọ̀la àwọn ọmọ wa ṣe ìdúró fún àríyá òní. Àmín ní orúkọ Jésù. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí ẹ mọ̀ pé lẹ́tà ń bẹ lórí tábìlì rẹ̀ báyìí.